Ìyá Ìyẹ̀fun àti Oògùn Tí Wọ́n Ṣì Ń Dán Wò

Bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn ibùdókọ̀ kọjá láàárọ̀, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ kí òórùn búrẹ́dì tó kàn án nímú. Ìdí tábìlì gígùn tó wà nínú ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni ẹ̀rín yẹn ti ń wá, obìnrin tó sì ń fà á ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ìyẹ̀fun. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fún un lórúkọ náà, nítorí pé láti ìgbà tó bá ti dúró ti tábìlì títí tí yóò fi lọ sílé, ìyẹ̀fun kì í kúrò ní irun ojú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé irun ojú rẹ̀ ló hewú ṣáájú irun orí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gé ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò, kí ó ká a, kí ó tẹ́ ẹ sínú páànù kí wọ́n tó gbé e wọ inú ààrò. Ọwọ́ rẹ̀ yá púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ náà ṣe yá tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo tó. Láti orúnkún ọ̀tún rẹ̀ títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni àwọn kókó rírọ̀ kan ti wé mọ́ra wọn lábẹ́ awọ, tí ẹsẹ̀ náà fi tóbi ju èkejì lọ dáadáa. Síkẹ́ẹ̀tì gígùn ló fi ń bò ó. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ aṣọ rẹ̀, Ìyá Ìyẹ̀fun á kàn rẹ́rìn-ín.

"Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Ìwúkàrà ló ta sí i."

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹ̀rín ló fi ń tilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn ń ta á bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un, àti pé nígbà mìíràn, bí ó bá délé, ńṣe ló ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn.

Wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Láti kékeré ni àwọn àmì kan ti wà lára rẹ̀, tí wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí tíì bá ta sí aṣọ funfun. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà náà ní irú àmì bẹ́ẹ̀, ó sì tún ní kókó kéékèèké lápá àti lẹ́yìn. Ìyá àgbà á máa fi ọ̀rọ̀ náà yangàn pé, "Ọmọ tó jọ bàbá rẹ̀ kì í sọnù láwùjọ." Inú ọmọ náà á dùn. Ó ti dàgbà díẹ̀ kó tó kíyè sí i pé bàbá òun kì í bọ́ ẹ̀wù alápá gígùn nínú oòrùn, àti pé àwọn kan wà tí wọn kì í gba ife omi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kì í ràn wọ́n," ni bàbá rẹ̀ sọ fún un nígbà kan, "ṣùgbọ́n o ò lè bá gbogbo ayé jà. Ara tiwa ni. Ká máa tọ́jú ẹ."

Nígbà tó ń bàlágà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, oníṣẹ́ abẹ gé díẹ̀ kúrò nínú kókó náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi padà hù, bí igi tí wọ́n gé tí wọ́n fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà náà kò purọ́ fún wọn. Ó ní àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ara, tó ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀; ara okùn yẹn ni kókó náà ti ń hù, bí wọ́n bá ní kí àwọn gé gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀ á bá a lọ. Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni àìsàn náà ti ń wá, pé kò wọ́pọ̀, pé orúkọ rẹ̀ gùn bí ìtàkùn, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń pè é ní ẹn-ẹ́ẹ̀fù. Ó wá ní, "Kò tíì sí oògùn rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà gbọ́, ó padà sílé. Kò tún débẹ̀ mọ́.

Ó rí ọkọ fẹ́, ọkùnrin gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí kì í pariwo. Kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, ó ká síkẹ́ẹ̀tì sókè fún un, ó ní kó wò ó dáadáa, kó má di pé ó ń sọ lẹ́yìn ọ̀la pé wọ́n ta ọjà òkùnkùn fún òun. Ọkùnrin náà wò ó, ó fọwọ́ kàn án, ó ní, "Ìyàwó ni mo wá fẹ́. Wọ́n tún wá fi ènì sí i." Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi gbé e níyàwó. Òun náà ló kan àpótí gíga kan fún un, tí ó lè máa fi ìdí lé nídìí tábìlì búrẹ́dì láìjẹ́ pé ọ̀gá rí i bí ẹni tó jókòó. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, tó ti wọ yunifásítì lásìkò tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀.

Bàtà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kò sí ilé ìtajà tó ń ta bàtà tí ẹsẹ̀ kan jẹ́ ti ọmọdé, tí èkejì jẹ́ ti àgbà ọkùnrin. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan ni Ìyá Ìyẹ̀fun ti ń rán bàtà. Bàbá Aránbàtà ní ẹsẹ̀ onígi fún gbogbo oníbàárà tí ẹsẹ̀ wọn kò bá dọ́gba; ó máa ń gbẹ́ ẹ lọ́nà tó fi bá ẹsẹ̀ ẹni náà mu, á sì tò wọ́n sórí pẹpẹ lókè orí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí Ìyá Ìyẹ̀fun ti jókòó tó ń dúró de bàtà rẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí ẹsẹ̀ onígi méjì kan tó so pọ̀. Ọ̀tún kéré. Òsì wú, ó sì rí wúruwùru, pẹ̀lú ibi tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀. Bí ẹni pé ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú dígí ni.

"Bàbá, ẹsẹ̀ ta nìyẹn?"

Bàbá Aránbàtà wòkè, ó tún padà sí bàtà tó ń rán. "Ẹsẹ̀ oníbàárà ni."

"Mo kúkú mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ tábìlì."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wàá fẹ́ kí n máa ròyìn ẹsẹ̀ tìrẹ fún àwọn ẹlòmíràn?"

Ìyá Ìyẹ̀fun tún gbójú sókè wo ẹsẹ̀ onígi náà. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí kò ṣe rí níta ilé rẹ̀. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó na apá rẹ̀ sí bàbá.

"Ẹ má dárúkọ ẹni náà fún mi. Ẹ ṣáà bá mi bi í bóyá ó ní irú àmì yìí lára. Bí ó bá ní, ẹ sọ fún un pé ẹnì kan wà tó fẹ́ rí i."

Bàbá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó wo àmì náà, ó wo ojú obìnrin náà. "Màá bi í," ló wí.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkàn Ìyá Ìyẹ̀fun kò sí nínú iṣẹ́. Lẹ́yìn bàbá rẹ̀, kò tíì rí ẹlòmíràn láyé tó ní ohun tí òun ní. Ó gbàgbé láti fi iyọ̀ sí ìyẹ̀fun tí wọ́n ní kó pò lọ́jọ́ kan, gbogbo búrẹ́dì ọjọ́ náà sì tẹ́ bí omi. Àwọn oníbàárà dá a padà. Ọ̀gá ń pariwo, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í bóyá ó tún lóyún ni.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, Bàbá Aránbàtà ránṣẹ́ pè é. Kò tíì jókòó dáadáa tí mọ́tò kékeré kan fi dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Pátákó kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: Ẹ YÀGÒ FÚN ẸNI TÓ Ń KỌ́ ỌKỌ̀. Obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ṣòkòtò, ó ń tiro díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti wọlé ṣáájú rẹ̀. Olùkọ́ awakọ̀ ni. Tìṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

"Ìwọ ni ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún?"

"Èmi ni, mà."

"Òsì lèmi. Bí wọ́n bá lẹ àwa méjèèjì pọ̀, odidi òmìrán kan la máa dà."

Ó fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè lójú gbogbo ayé, bí ẹni tó fẹ́ fi aago tuntun hàn. "Tìẹ dà?"

Ìyá Ìyẹ̀fun wo ẹnu ọ̀nà, ó wo Bàbá Aránbàtà tó ti yíjú sí ògiri. Ó ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Àwọn obìnrin méjèèjì tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara wọn, àfi bí ẹni pé wọ́n gún wọn ní kẹ́sẹ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú Ìyá Ìyẹ̀fun, kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún.

"Ó ti tó," Tìṣà ní, ó fà á mọ́ra. "Ó ti tó. Èmi náà sunkún lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹlòmíràn."

Bàbá Aránbàtà mí kanlẹ̀ níbi tó kọjú sí ògiri. "Mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Ní báyìí tẹ́ ẹ ti mọra yín, ẹ kàn lè lọ ra bàtà lọ́jà kẹ́ ẹ pín in."

Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn ni Tìṣà jókòó tó sì sọ ọ̀rọ̀ tó yí nǹkan padà. Ó ní òun wà nínú ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú kejì. Àwọn oníṣègùn ń dán oògùn tuntun wò fún kókó náà, òun sì ti ń lo hóró rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ láti bí ọdún méjì.

"Kókó tèmi ti ń fẹ̀yìn rìn," ló wí. "Díẹ̀díẹ̀ ni o, kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n gíà ẹ̀yìn ló wà."

"Oògùn kẹ̀? Wọ́n sọ fún wa pé kò sí oògùn."

"Nígbà wo ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kí n tó lọ́kọ."

"Ọmọ rẹ ti tó mélòó báyìí?"

"Ó ti wà ní yunifásítì."

Tìṣà lu itan rẹ̀ pàà. "Áà! Látìgbà yẹn lo ti páàkì sójú kan náà!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá Ìyẹ̀fun ro gbogbo rẹ̀ fún ọkọ àti ọmọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ọmọ náà fetí sílẹ̀ dáadáa. Kò sọ pé ẹ kú oríire, kò sì sọ pé irọ́ ni.

"Màmá mi, kí ni dókítà yẹn sọ gan-an nígbà náà?"

"Ó ní, 'Kò tíì sí oògùn rẹ̀.'"

"'Kò tíì sí' ló wí. Kò sọ pé 'kò sí.'"

Láti ọjọ́ tí Ìyá Ìyẹ̀fun ti gbọ́ gbólóhùn yẹn, ó ti gbàgbé wóró ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sọ́nà.

Ọmọ gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀. Tìṣà ti sọ fún wọn pé ìkànnì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn oníwàádìí ti ń kọ gbogbo ìwádìí tí wọ́n ń ṣe káàkiri ayé sí, pé kí wọ́n kàn tẹ orúkọ àìsàn náà síbẹ̀. Bí ó ti tẹ̀ ẹ́, ohun tó jáde pọ̀ bí òjò. Inú wọn kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni orí wọn dàrú. Ọ̀pọ̀ ti parí. Àwọn kan wà fún ọmọdé nìkan. Àwọn kan ń wá ẹni tí kókó bá wà lẹ́yìn ojú rẹ̀. Òmíràn sì wà níbi tó jẹ́ pé òkun ló wà láàárín. Àwọn gbólóhùn náà le débi pé bàbá ọmọ náà ní òun rò pé àwọn tó kọ ọ́ ń bínú sí ẹnì kan ni.

Ṣùgbọ́n bí ìrọ̀lẹ́ ti ń gorí ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi tó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ: ṣé wọ́n ṣì ń gba ènìyàn, irú ẹni wo ni wọ́n ń wá, ibo ló wà, ta ni kí á pè. Tìṣà náà kò jẹ́ kí fóònù sinmi.

"Ẹ gbọ́ o! Ibi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ sanwó ribiti kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ bọ́ sílẹ̀ kíákíá. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá tan iná ni mọ́tò. Bẹ́ ẹ bá sì rí èyí tó dáa, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá dókítà kó bá yín wò ó."

Wọ́n rí ọ̀kan tó jọ pé wọ́n dìídì kọ fún Ìyá Ìyẹ̀fun. Àgbàlagbà ni wọ́n ń wá, tí kókó rẹ̀ ń dùn ún, tí iṣẹ́ abẹ kò lè mú kúrò. Ilé ìwòsàn ńlá tí Tìṣà ń lọ yẹn náà ni. Dókítà àdúgbò wọn kà á, ó ní ó dára, ó kọ ìwé tó yẹ. Ọmọ pe nọ́ńbà náà. Ohùn obìnrin kan, nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ìwádìí, dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó tọrọ gáfárà. Ó ní ìwádìí náà ti kún, àwọn ò gba ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gba nọ́ńbà wọn sílẹ̀.

Ìyá Ìyẹ̀fun kò sunkún níwájú ọmọ. Ọjọ́ kejì, níbi iṣẹ́, ó wọ yàrá tí wọ́n ń kó àpò ìyẹ̀fun sí, ó jókòó sáàárín àpò, ó sì sunkún tẹ́rùn. Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó rí ibi tí omi ojú ti la ọ̀nà nínú ìyẹ̀fun. Ó bu omi fún un. Ó jókòó tì í.

"Wọ́n ní ó ti kún, àbí?"

"Ó ti kún."

"Ìyẹn ni pé èèyàn wà nínú ẹ̀. Ìwọ tó o rò láti kékeré pé ìwọ àti bàbá rẹ nìkan ni."

Kò retí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀. Ó rò ó wò. Yàrá kan wà níbì kan tó kún fún àwọn ènìyàn bíi tirẹ̀. Ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀.

Oṣù ń lọ. Ọmọ kò yé wo ìkànnì náà, ìyá kò sì retí nǹkan kan mọ́. Ó ń gé ìyẹ̀fun lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan nígbà tí fóònù rẹ̀ dún lápò. Ó yọ ọ́ sórí tábìlì, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ káàsán mà. Ṣé ẹ rántí mi? Nọ́ọ̀sì ni, láti ilé ìwòsàn. Mo sọ fún yín nígbà yẹn pé ó ti kún. Ìwádìí mìíràn ti ṣí, fún àgbàlagbà. Mo ní kí n kọ́kọ́ pè yín."

Ìyá Ìyẹ̀fun wo fóònù bí ẹni pé òun ló ń sọ̀rọ̀. Láàárín gbogbo ènìyàn tí obìnrin yìí ń bá pàdé, ó rántí òun. Títí di òní, bí ó bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kì í gbàgbé láti dárúkọ iṣẹ́ obìnrin náà níbẹ̀.

Dókítà tó gba ìyá àti ọmọ náà nílé ìwòsàn kéré lọ́jọ́ orí. Ó jókòó tì wọ́n, kì í ṣe lẹ́yìn tábìlì, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìkánjú. Oògùn náà lè mú kí kókó súnkì, ó sì lè má ṣe é. Ó lè ṣe ọkàn tàbí ojú ní nǹkan, ìdí nìyẹn tí àwọn á fi máa yẹ̀ wọ́n wò lóòrèkóòrè. Ó lè mú kí ara yún un, kí ó sú.

"Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan máa gba oògùn gidi, àwọn kan á gba hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Èmi fúnra mi ò ní mọ èyí tẹ́ ẹ gbà. Bó bá yá, gbogbo yín á bọ́ sórí ti gidi."

"Dókítà, ìyẹn ni pé ìyẹ̀fun lẹ fẹ́ fún mi."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà."

"Èmi tí mo ti jẹ ìyẹ̀fun láti bí ogún ọdún! Bí ìyẹ̀fun bá ń wo kókó sàn, ṣé mi ò bá ti máa sáré?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn Ìyá Ìyẹ̀fun rọlẹ̀. "Ṣé èmi lẹ fẹ́ fi dán an wò, bí ẹran?"

"Rárá, mà. A jọ fẹ́ dán an wò ni. Ẹ lè dá a dúró lọ́jọ́kọ́jọ́. Ẹ ò ní láti sọ ìdí. Ìtọ́jú yín níbí ò sì ní yàtọ̀."

Ó ní kí wọ́n gbé ìwé tí wọ́n ní láti fọwọ́ sí lọ sílé kí wọ́n rò ó. Kí wọ́n tó dìde, nọ́ọ̀sì tó pè wọ́n lórí fóònù béèrè bóyá ẹlòmíràn wà nínú ìdílé tó ní àmì náà. Ìyá Ìyẹ̀fun dárúkọ bàbá rẹ̀, ó ní ó ti sinmi. Ìbéèrè tó ti ń sá fún láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ rẹ̀ lé e lápá ló dé yìí. Ìgbà tó ń wẹ̀ ẹ́ ní kékeré ló ti rí àwọn àmì náà, ní ẹ̀gbẹ́ ìhà ọmọ náà, ó sì fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n títí, bí ẹni pé wọ́n á ṣí.

"Èmi náà," ọmọ náà wí.

Ìyá yíjú sí i. "O mọ̀?"

"Màmá mi, èmi ni mo ń kà á lórí kọ̀ǹpútà látọjọ́ yìí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè mú ọmọ, ó sì lè fò ó, bí ìgbà téèyàn ju owó ẹyọ sókè ni. Mo wo ìhà mi nínú dígí lọ́jọ́ yẹn."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi."

Omi bọ́ lójú ìyá. "Mi ò mọ bí màá ṣe bẹ̀ ọ́. Èmi ni mo fún ọ."

"Ẹ bẹ̀ mí kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fún mi ní eyín tó dáa yìí, ẹ ò tọrọ gáfárà nítorí ẹ̀." Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Kò tíì ṣe mí ní nǹkan kan. Bó bá sì fẹ́ ṣe mí, a ti mọ ọ̀nà ibí."

Nọ́ọ̀sì ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wá ohun tí kò sọnù nínú dúrọ́ọ̀.

Ìyá Ìyẹ̀fun fọwọ́ sí ìwé náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n sì tì í sínú ẹ̀rọ kan tó rí bí ihò ààrò, tó ń ya àwòrán inú ara. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé ariwo rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbà-gbà-gbà, bíi ti ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun níbi iṣẹ́ gan-an. Àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ tí obìnrin náà ń han-run.

Ó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Oṣù àkọ́kọ́ kọjá, nǹkan kan ò yí padà. Ìkejì, ìkẹta. Ó dá a lójú pé ìyẹ̀fun ni wọ́n fún òun, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Nígbà tó yá, irorẹ́ bo ojú rẹ̀ bí ti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní ọmọge. Ẹ̀bá èékánná rẹ̀ la, ìyẹ̀fun ń ta á níbẹ̀, ó wá ń wọ ìbọ̀wọ́ ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kan wà tó fẹ́ dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì fún un ní ìpara, dókítà dín oògùn kù fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní bó bá tún le jù, kó wí.

Lẹ́yìn náà, láàárọ̀ kan, iṣẹ́ pọ̀ gan-an. Páànù kún tábìlì. Nígbà tí wọ́n gbé èyí tó kẹ́yìn wọ ààrò, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní, "Ìyá Ìyẹ̀fun, ẹ ò jókòó látàárọ̀ o." Ó wẹ̀yìn, ó wo àpótí rẹ̀. Ìyẹ̀fun ti bò ó pátápátá, kò sí ojú ìdí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wá ìrora lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìnnà.

Nígbà tí wọ́n ya àwòrán mìíràn, dókítà fi méjèèjì hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kókó náà ti dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó sọ ọ́ fún un ní kedere pé kò tán, pé ó lè má tán láé. Ìyá Ìyẹ̀fun ní, "Dókítà, ẹni tí wọ́n bá sọ ìdá kan nínú ẹrù kúrò lórí rẹ̀, ṣé kò ní kí ẹni tó sọ ọ́ pé ẹ ṣé ni?" Nígbà tí wọ́n wá ṣí ìwé àṣírí ìwádìí náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, ó hàn pé oògùn gidi ni wọ́n ti fún un láti ọjọ́ kìíní. Àwọn ará ibi iṣẹ́ kò jẹ́ kó gbádùn.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́ ẹ mọ ìyẹ̀fun!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀," ló ń dá wọn lóhùn. "Ojú mi ló kún fún un, ẹnu mi kọ́."

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Lásìkò yẹn kan náà ni wọ́n rí i pé ọkàn Tìṣà kò fẹ́ bá oògùn náà ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n sì ní kó dá a dúró. Kókó rẹ̀ tún ń wú díẹ̀. Ìyá Ìyẹ̀fun gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ bá a nílé. Ojú ń tì í pé ara òun ń yá.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," Tìṣà ní, ó ti bu búrẹ́dì sẹ́nu. "Ohun tí wọ́n rí lára mi ló jẹ́ kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa ṣọ́ ọkàn tìẹ. Ọ̀nà kan ló dí. Ọmọ rẹ ti ń bá mi wá òmíràn, ó ti rí méjì."

Òótọ́ ni. Ọmọ náà ti di ẹni tí àwọn ènìyàn ń pè láti ibi jíjìn. Nígbà tí ilé ìwòsàn pe gbogbo àwọn tó wà nínú ìwádìí náà jọ, òun ló dúró níwájú tó ń fi hàn wọ́n bí a ṣe ń wá inú ìkànnì náà. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn, ó ń wo yàrá náà. Ènìyàn kún ibẹ̀. Àwọn kan ní kókó lójú, àwọn kan lápá, àwọn kan kò ní ju àmì tíì lọ. Ọkùnrin kan tí kókó bo apá rẹ̀ wọ ẹ̀wù alápá kúkúrú. Ó bu omi sí ife, ó mu, ó gbé e fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn gbà á, ó mu tirẹ̀. Ìyá Ìyẹ̀fun kò lè mójú kúrò lára wọn. Síkẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ju orúnkún lọ.

Ní ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ ọmọ náà wò báyìí. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà ní kò sí nǹkan kan, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n jáde sínú oòrùn, ìyá àti ọmọ, wọ́n dúró de bọ́ọ̀sì. Ìyá ń dúpẹ́ lábẹ́nu, ó ń ka gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ọkọ rẹ̀, bàbá tó ń rán bàtà, Tìṣà, nọ́ọ̀sì, dókítà, àwọn tí kò mọ̀ tó ti lo oògùn náà ṣáájú òun.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" ọmọ béèrè.

"Àwọn olóore mi."

"Ẹ ṣáà yára kà wọ́n o. Bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀."

"Jẹ́ kó máa bọ̀," ìyá rẹ̀ wí. "Bí èyí bá lọ, òmíràn á dé."